Ọjọ́ tí Òjò Wọ̀ sí Ilé Èrò

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ilé èrò náà. Ó kọ́ ọ sí ẹ̀bá ọ̀nà pupa tó ti Ìkòròdú gba ìhà Imota kọjá lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè díẹ̀, tí mọ́tò tó ru ẹrù kò ti lè sáré. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Bí mọ́tò bá ti ń fà díẹ̀díẹ̀ gun òkè yẹn, àwọn èrò inú rẹ̀ á ti máa wo ilé alámọ̀ gígùn kan tí a fi ẹfun kùn, igi odán níwájú rẹ̀, àga gbọọrọ lábẹ́ igi, àti àmù ńlá méjì lẹ́nu ọ̀nà tí a fi igbá dé lórí. Kí dírẹ́bà tó rò ó pé òun fẹ́ kọjá, ẹnìkan á ti máa gbá pákó mọ́tò pé, "Dúró níbí jàre, òùngbẹ ń gbẹ wá."

Ìyá Èrò ni àwọn arìnrìn-àjò ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú sí lójú ọ̀nà, yàrá wà fún un. Ẹni tó kàn fẹ́ jẹun kó máa lọ, ìkọ́kọrẹ́ wà lórí iná, ẹja yíyan sì wà nínú rẹ̀. Òfin kan ni Ìyá Èrò fi ń ṣe ilé náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rú u: a kì í bi àlejò léèrè ibi tó ti ń bọ̀ tàbí ibi tó ń lọ títí yóò fi mu omi tán. Ó ní ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní ìlú.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń yan ẹja, ó sì ń tà á ní Ọjà Olúwo, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹta, mo sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yan ẹja. Ṣùgbọ́n èéfín ẹja kò bá mi lára mu. Ojú mi a máa wú, ikọ́ a sì máa gbé mi jókòó lórí ẹní. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá mi fà mí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Inú mi dùn ní ilé èrò náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo fẹ́ràn láti máa fọ ẹní, kí n sá a sórí koríko, kí oòrùn wọ inú rẹ̀. Mo fẹ́ràn àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí mo bá ń da omi tuntun sínú àmù, tí amọ̀ rẹ̀ á máa mí bí ẹ̀dá. Mo fẹ́ràn láti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn èrò: olóbì kan tó ní ìyàwó òun ń sun hanrun ju ẹ̀rọ mọ́tò lọ, àwọn obìnrin tó ń fi ẹja ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ojú kì í tì. Bí àlejò bá kí mi, èsì á gòkè dé ọ̀fun mi, á jókòó síbẹ̀. Mo lè kúnlẹ̀, mo lè rẹ́rìn-ín músẹ́, mo lè gbé omi fún ènìyàn. Kí n la ẹnu ni kò ṣeé ṣe.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ kan wà tí ilé èrò kò lè wà láìsí i. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó máa pe mọ́tò: "Ẹ yà o, ẹ wá mumi. Omi tútù rèé, ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná rèé, ẹ yà." Ìyá Èrò fúnra rẹ̀ ló ti ń pè wọ́n láti ọdún pípẹ́. Orúnkún wá ń dùn ún, kò lè dúró pẹ́ mọ́. Èmi ló fi sípò rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mọ́tò ń kọjá lójú mi. Ìgbà kan tí ọ̀kan dúró, dírẹ́bà yọ orí síta, ó ní, "Ìyá Èrò, ṣé ọmọ yìí ló ń pè wá ni, àbí yànmùyánmú ló ń kùn létí wa?" Gbogbo mọ́tò rẹ́rìn-ín. Èmi sá wọ ilé ìdáná.

Ìyá Èrò kò bá mi jà. Ó pè mí sábẹ́ igi odán ní ọjọ́ kejì, ó fún mi ní ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná kan, ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọwọ́ rẹ dára. Ìwà rẹ dára. Ṣùgbọ́n ilé èrò kò gba ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹnu la fi ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ pé kó wá mú ọ padà ní ọjọ́ kejì ọjà."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kò sí ohun mìíràn tó jáde.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ilé èrò mìíràn wà ní inú mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀ tàbí tí mò ń bó iṣu ewùrà, ibẹ̀ ni mo máa ń wà. Oríta kan ni ilé náà wà, níbi tí ọ̀nà ayé àti ọ̀nà àwọn iwin ti pàdé. Bí àlejò tuntun bá dé, ògiri rẹ̀ á sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀, yàrá á yọ. Àwọn àlejò ibẹ̀ kì í ṣe olóbì àti ẹlẹ́ja. Ọ̀yẹ́ máa ń dé síbẹ̀ pẹ̀lú ètè tó ti la, tí á máa bẹ̀bẹ̀ fún òrí. Afẹ́fẹ́ máa ń wá, wọ́n á sì ní kó jókòó jìnnà sí àwo. Egbére náà ń wá pẹ̀lú ẹní kékeré rẹ̀ tí gbogbo ayé fẹ́ jí gbé, nítorí ilé yẹn nìkan ló ti lè tẹ́ ẹ kó sùn láìsunkún. Kò sí àlejò tí wọn kì í gbà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń bu omi fún wọn. Kì í sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá a wí sí i.

Ọjọ́ tí ìyá mi yóò wá dé. Mo ti di aṣọ mi sínú àpò kan láti àárọ̀. Lẹ́yìn agogo kan ọ̀sán, mọ́tò kan dé láti Ìkòròdú, ó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Èrò inú rẹ̀ tó bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Dírẹ́bà tó pè mí ní yànmùyánmú ló wà á. Wọn kò tíì mu omi tán tí ojú ọ̀run fi dúdú. Òjò náà kò kọ́kọ́ rọ̀, òkùnkùn ló fi ṣíwájú. A kò rí igi odán mọ́. Ìyá Èrò ní kí n tan fìtílà, ó sì kó gbogbo èrò wọ inú ilé. Nígbà náà ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Mo wà ní ilé ìdáná. Ògiri imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ló wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí àwọn èrò jókòó sí, tí a bá ń mí níhìn-ín, wọ́n á gbọ́ lọ́hùn-ún. Obìnrin kan sáré gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré wá sídìí iná lọ́dọ̀ mi, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun lọ bo ẹrù òun. Bí ààrá ṣe sán, ọmọ náà figbe ta. Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo fún un ní ẹja, ó kọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní tó kù ni ilé èrò tó wà ní inú mi.

Ṣùgbọ́n àlọ́ ni, ọ̀sán sì ni. Kò sí ọmọ tí wọn kò kìlọ̀ fún nílé wa: ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á sọnù. Mo ro ìyá mi tó wà lójú ọ̀nà. Mo wá gbójú sókè. Àwọn adìyẹ Ìyá Èrò ti wọlé láìsí ẹni tó lé wọn, wọ́n ti fò sórí igi tí wọ́n ń sùn lé, wọ́n ti ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Láti kékeré, adìyẹ ni mo fi ń mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́. Mo sọ fún ara mi pé alẹ́ ni. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sí ọmọ náà létí.

Ó dákẹ́. N kò mọ̀ pé ẹ̀yìn imọ̀ ọ̀pẹ náà ti dákẹ́ pẹ̀lú. Mo ti dé ibi tí egbére ti ń tẹ́ ẹní rẹ̀ nígbà tí ohùn àgbàlagbà kan dìde lọ́hùn-ún.

"Ọmọ yẹn, gbé ohùn sókè díẹ̀. Kí ni egbére wí?"

Ohùn obìnrin kan dáhùn kí n tó lè sọ ohunkóhun. "Bàbá olóbì, ọ̀sán la wà. A kò tíì kírun Àsárì, ẹ ń gbọ́ àlọ́."

"Ta ló sọ pé ọ̀sán ni? Ṣé o rí oòrùn?"

"Òjò ló bò ó."

"Adìyẹ ti wọ̀. Lọ wò wọ́n. Ta ló mọ alẹ́ ju adìyẹ lọ?"

"Ṣé adìyẹ ló wá ń ka aago fún yín ni?"

"Ó sàn ju aago ọwọ́ dírẹ́bà yìí lọ. Òun ló ní a ó ti jẹun ọ̀sán ní Ẹ̀pẹ́."

Ẹ̀rín sọ. Dírẹ́bà ní, "Ẹ fi aago mi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn máa bá tirẹ̀ lọ." Mo wo imọ̀ ọ̀pẹ náà. Kò sí ojú kan lára rẹ̀ tó ń wò mí. Mo tún wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Kí ni egbére wí?" Mo bá gbé ohùn sókè.

Mo sọ fún wọn bí egbére ṣe sùn, tí Ọ̀yẹ́ fi òrí pa ètè, tí Afẹ́fẹ́ gbàgbé, tó sín, tí àwo mẹ́rin fọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbọ́ bí àga ṣe ń dún lábẹ́ wọn. Ní àárín rẹ̀, fèrè mọ́tò kan dún ní ọ̀nà, mọ́tò náà sì gba iwájú ilé kọjá nínú òjò. Kò sí ẹni tó jáde láti pè é. Ìyá Èrò fúnra rẹ̀ wà lórí àpótí, ó ń gbọ́ àlọ́.

Mo wá dé ibi tí ẹnìkan ti kan ilẹ̀kùn ilé èrò oríta náà. Wọ́n ní ta ni. Ó ní, "Èmi Òjò ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rìn. Gbogbo ibi tí mo dé, wọ́n ń sá wọlé, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Kò tíì sí ẹni tó kí mi káàbọ̀ rí láyé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níbi tí n ó sùn." Àwọn àlejò tó wà nínú ilé figbe ta. Egbére ní ẹní òun á tutù. Ọ̀yẹ́ ní bí Òjò bá wọlé, òun á jáde. Òjò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí.

Bí mo ṣe sọ ìyẹn tán ni òjò ojú ọ̀run dá, lójijì, bí ẹni pé wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ìmọ́lẹ̀ gba ihò òrùlé wọlé. Oòrùn ọ̀sán gangan ló yọ, ó ń dán lórí ìkòkò. Àkùkọ gbọn ara, ó kọ. Àwọn adìyẹ bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde lọ jẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Obìnrin tó ń bá Bàbá olóbì jiyàn ní, "Mo sọ fún yín."

Mo ti pàlọ́ lọ́sàn-án.

Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ṣé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Òjò?"

Mo ń wo oòrùn tó wà lórí ìkòkò.

"N kò ní gbé mọ́tò kúrò níbí láìmọ̀. Òjò pàápàá ló dúró yẹn láti gbọ́."

Bàbá olóbì sún mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ náà. "Níbo ni ìyá rẹ wà, ọmọ mi?"

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá àlejò lóhùn. "Ó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ lónìí, sà."

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Báwo ni àgbà obìnrin ṣe máa sọnù lójú ọ̀nà kan ṣoṣo? Parí àlọ́ rẹ."

Mo parí rẹ̀ nínú oòrùn. Mo ní ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ bu omi sínú igbá, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà fún Òjò, nítorí òfin ilé náà ni pé kí àlejò mu omi kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì fún Òjò lómi rí. Ó mu ún, ó sunkún ayọ̀. Bó ṣe ń sunkún ló ń kéré sí i, títí tó fi kéré tó ẹni tí a lè gbé lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà gbé e sínú àmù, ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Ó lọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n òtútù ẹsẹ̀ rẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ àmù. Ìdí nìyẹn tí omi àmù fi máa ń tutù.

Nígbà tí mo dákẹ́, mo gbọ́ tí wọ́n dìde. Mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìdí àmù wa ni gbogbo wọn lọ, àti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ àti ẹni tí kò gbẹ. Dírẹ́bà bu kún agolo kan, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ mọ́tò rẹ̀. Ó ní kí mọ́tò náà tọ́ Òjò wò. Wọ́n lọ.

Ìyá mi kò dé.

Mọ́tò méjì láti Ẹ̀pẹ́ ló kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú, dírẹ́bà aláago náà sì wà nínú wọn, tó ń padà sí Ìkòròdú, tó fun fèrè fún wa. Ìyá mi kò sí nínú ọ̀kankan. Ìyá Èrò ní bóyá òjò ló dá a dúró. N kò jẹun alẹ́.

Kí adìyẹ tó jí ní ọjọ́ kejì ni mo ti wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mọ́tò àkọ́kọ́ yọ láti ìhà Ẹ̀pẹ́. Bí ó bá kọjá tí ìyá mi wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Mo kígbe pé, "Ẹ yà. Ẹ yà o. Omi tútù rèé, ẹ yà." Ohùn náà ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Mọ́tò dúró. Mo wo ojú èrò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí níbẹ̀. Òmíràn yọ, mo tún kígbe. N kò rántí pé ojú ń tì mí. Kí oòrùn tó mú, mọ́tò mẹ́fà ti dúró, àga abẹ́ igi kò gba èrò mọ́, Ìyá Èrò sì ń sáré kiri bí ẹni tí orúnkún kò dùn rí, ó ń bi mí pé, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ìkọ́kọrẹ́ ti tán."

Mọ́tò keje wá láti ìhà Ìkòròdú. N kò retí ẹnikẹ́ni níhà yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti mọ́ ọn lára, mo pè é. Dírẹ́bà aláago ló wà á. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó to ìborùn rẹ̀.

"Ta ló ń pariwo bí olóṣèlú báyìí?" ó ní.

Ìyá mi ni. Mo dì mọ́ ọn níwájú gbogbo ènìyàn.

Ó ti wà nínú mọ́tò tó kọjá nígbà tí mò ń pàlọ́. Wọ́n ta tapólì bo mọ́tò nítorí òjò, oorun gbé e lọ lórí apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó sì ti fọkàn balẹ̀ pé òun á gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n òun bí wọ́n bá ti gun òkè. Kò sí ẹni tó pe mọ́tò. Gáréèjì Ìkòròdú ló jí sí, ó sì lọ sùn ní ilé ẹbí wa kan níbẹ̀.

"Ìyá rẹ sọnù," ó ní, "mo wá ara mi títí ní Ìkòròdú."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. "Mo pàlọ́ lọ́sàn-án, mà. Adìyẹ ti wọ̀, mo rò pé alẹ́ ni."

Ó wo dírẹ́bà. "Ìwọ, ṣé ọmọ yìí lo ń sọ ní gbogbo ọ̀nà?" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Láti gáréèjì ló ti ń pa àlọ́ kan fún wa, ó ń pa á ní ìpakúpa, ó ní Ọ̀yẹ́ ló fọ́ àwo. Ó ní ọmọbìnrin kan ní ilé èrò tó wà lórí òkè ló sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni, ọmọ tèmi ló wà níbẹ̀, tèmi kì í la ẹnu."

"Afẹ́fẹ́ ló fọ́ àwo," ni mo sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn rín.

Ìyá Èrò fi aṣọ nu ọwọ́. "Àbúrò mi, mo ránṣẹ́ sí ọ pé kó o wá mú un lọ."

"Mo gbọ́, mà."

"Má mú un lọ mọ́."

"Ta ló fẹ́ mú un lọ?" ni ìyá mi wí. "Ẹni tó sọ mí nù láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, kí n tún gbé e sílé?"

Ó bá wa jẹun, ó sì ní kí n gbé àpò tí mo di wá. Ó tú aṣọ mi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́, ó kó iṣu ewùrà sínú àpò náà dípò wọn. Láti ọjọ́ náà, n kì í pàlọ́ ní ilé èrò kí n tó jáde lọ wo oòrùn fúnra mi. N kò gba ẹ̀rí adìyẹ mọ́.

Nígbà tí ó tó àkókò kí ó máa padà sí Ẹ̀pẹ́, ó gbé àpò iṣu náà sórí, ó dúró sábẹ́ igi odán.

"Ó yá," ó ní, "pe mọ́tò fún mi."

Mo bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, mo pè é, ó sì dúró.